Ilé Kóòtù Àtijọ́ Ẹ̀gbẹ́ Ọjà: Ta Ló Lè Fún Wa?



Láti ìpàdé oṣù tó kọjá ni ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń bi mí léèrè pé kí ló dé tí ẹgbẹ́ kò tíì ra páànù tí a ó fi tún ilé kóòtù àtijọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ṣe, nígbà tí káńsílọ̀ wọ́ọ̀dù wa ti ní ká máa kó ẹrù wọlé. Àwọn ìyá ẹlẹ́lùbọ́ àti àwọn aláta ni ọ̀rọ̀ náà ká lára jù, mi ò sì bá wọn wí. Òjò alẹ́ kan péré ti tó láti ba àpò èlùbọ́ jẹ́. Ilé yẹn sì wà níbẹ̀, ògiri rẹ̀ dúró dáadáa, àfi òrùlé tó ń jò. Ewúrẹ́ ló ń sùn níbi tí adájọ́ máa ń jókòó sí. Ká tó kan ìṣó kan mọ́ ọn, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ irú ilé báyìí ṣe rí.

Ilé tó bá jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀ kì í ṣe ti alága, kì í ṣe ti káńsílọ̀, kì í sì í ṣe ti ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Káńsù fúnra rẹ̀ ló ni ín, gẹ́gẹ́ bó ṣe jẹ́ pé ẹgbẹ́ ló ni ẹ̀rọ ìlọta wa, tí kì í ṣe ti ààrẹ. Wọ́ọ̀dù kan ni káńsílọ̀ kan ń ṣojú fún, ohùn kan ṣoṣo ló sì ní nínú ìgbìmọ̀. Ó lè gbé ọ̀rọ̀ wa dìde níbẹ̀, ó tilẹ̀ yẹ kó gbé e dìde, ṣùgbọ́n kò lè dá ilé fún wa.

Èyí kò sọ pé ojú àánú là ń wá lọ́dọ̀ wọn o. Òfin Ìpilẹ̀ṣẹ̀ ti 1999 ka iṣẹ́ káńsù sílẹ̀: ọjà, ibùdókọ̀, ilé ìpẹran, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbogbòò, itẹ́ òkú, àti àbójútó ṣọ́ọ̀bù. Bí a bá ní kí wọ́n jẹ́ ká fi ilé òfo ṣe ibi ìkẹ́rùsí fún ọjà, iṣẹ́ tiwọn náà là ń bá wọn ṣe.

Kí ló wá dé tí mo fi ń pariwo ìwé? Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa yìí. Ní ọjọ́ 29 oṣù May, 2019, ìjọba ìpínlẹ̀ kéde pé òun ti tú gbogbo káńsù ká. Ó di ọjọ́ 7 oṣù May, 2021 kí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ tó sọ pé títú náà kò bófin mu. Ó ku díẹ̀ kó pé ọdún méjì nìyẹn. Ní ọjọ́ 11 oṣù July, 2024, ilé ẹjọ́ kan náà tún sọ pé gómìnà kankan kò lágbára láti tú káńsù tí ará ìlú dìbò yàn ká. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí gómìnà kò bá lé wọn, ìdìbò á gbé wọn lọ. Ẹni tó gba ilé lẹ́nu alága nìkan, lọ́jọ́ tí alága bá lọ, ta ni yóò jẹ́rìí fún un? Bó bá wà nínú ìwé ìpàdé káńsù, tí àdéhùn sì wà tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù, ẹni tuntun tó bá wọlé kò ní lè sọ pé òun kò gbọ́.

Ọ̀nà tó yẹ ká gbà nìyí. Lẹ́tà wa á kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ alága nípasẹ̀ akọ̀wé káńsù. Ẹ̀ka iṣẹ́ á wá yẹ ilé wò, wọ́n á díye lé e, wolé-wolé náà á wá wo ọ̀rọ̀ omi àti ìgbọ̀nsẹ̀. Alága àti àwọn alábòójútó á jíròrò lórí rẹ̀, lẹ́yìn náà ó di ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ àwọn káńsílọ̀. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i, wọ́n á kọ̀wé sí wa, lọ́yà á ṣe àdéhùn. Owó ilé, inú àpò owó káńsù ní báǹkì ni yóò lọ, pẹ̀lú rìsíìtì káńsù. Mo mọ̀ pé yóò pẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara dà á.

Ohun tó ń kọ mí lóminú jù ńkọ́? Ó lè jẹ́ pé ilé náà kì í ṣe ti káńsù rárá. Káńsù àtijọ́ ló kọ́ ọ, ṣùgbọ́n òfin ìpínlẹ̀ ló ń darí àwọn kóòtù ìbílẹ̀ wọ̀nyí báyìí. Ilé náà lè wà nínú ìwé ẹ̀ka ìdájọ́, ó lè wà nínú ìwé káńsù, ó sì lè wà nínú méjèèjì. A ti bi wọ́n nínú lẹ́tà wa. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tún wà níbẹ̀. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ àkóso gómìnà, ó sì fún ìjọba ìbílẹ̀ lágbára lórí ilẹ̀ tí kò sí nínú ìgboro. Síbẹ̀, ẹ̀yin náà mọ bí nǹkan ṣe rí láyé àtijọ́: ẹbí á fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún kóòtù, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, kò sí ìwé. Níwọ̀n ìgbà tí kóòtù bá wà níbẹ̀, wọ́n á dákẹ́. Ọjọ́ tí èlùbọ́ bá wọ ibẹ̀, ọmọ-ọmọ á ní ilẹ̀ bàbá bàbá òun ni.

Àwọn kan tún ń sọ pé ibi tí wọ́n ti ń dájọ́ kò dára fún ọjà títà, pé ẹ̀gún wà níbẹ̀. Ẹ wo ìlú Èkó. Ní 1882 ni àwọn òyìnbó kọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n sí Broad Street, níbi tí wọ́n ti Herbert Macaulay mọ́ nígbà kan. Ní oṣù October 2010, wọ́n ṣí i gẹ́gẹ́ bí ọgbà ìgbafẹ́, wọ́n pè é ní Freedom Park. Orí pèpéle tí wọ́n ti ń kọrin lónìí, ibi tí wọ́n ti ń so èèyàn kọ́ ni tẹ́lẹ̀. Ìdí ààrò àwọn ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n sì ti ń ta oúnjẹ. Àwọn èèyàn ń náwó níbẹ̀ dáadáa. Ilé Mápó n'Íbàdàn náà ńkọ́? Láti 1929 tí wọ́n ti ṣí i fún iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ló ti wà. Ní 1991, wọ́n pín káńsù ìgboro Ìbàdàn sí márùn-ún, Mápó kò wó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dé Olúbàdàn ládé ní oṣù March 2022. Lílò tí wọ́n ń lò ó ló gbé e ró.

Nínú àdéhùn tiwa, ìgbìmọ̀ fẹ́ béèrè fún ọdún 10, kí wọ́n sì máa yọ owó tí a bá fi tún òrùlé ṣe nínú owó ilé. Bí káńsù bá fẹ́ gba ilé padà kí ọdún tó pé, kí wọ́n san ìyókù owó àtúnṣe fún wa. Orúkọ ẹgbẹ́ ló gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé, kì í ṣe ti ààrẹ tàbí tèmi akọ̀wé. Òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ti 1993 gbà pé ẹgbẹ́ tó ti forúkọ sílẹ̀ lè ní ilé, ó sì lè ṣe àdéhùn lórúkọ ara rẹ̀.

Wọ́n ti gba lẹ́tà wa ní káńsù, ẹ̀dà tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù wà nínú fáìlì. Ẹni tó bá mọ àgbà kan nínú ẹbí tó ni ilẹ̀ yẹn, kó jọ̀wọ́ wá rí mi ní ọ́fíìsì kí ọjọ́ ìpàdé tó pé. Mo sì gbọ́ pé àwọn kan ti ń gba owó ààyè lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò nínú ilé náà. Ẹgbẹ́ kò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti san, kó mú rìsíìtì tí wọ́n fún un wá, bí wọ́n bá fún un.