Ìjà inú Géèmù àti Ojúṣe Òbí

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojúbọ, ṣùgbọ́n àwọn òbí ń gbé e wá síwájú ọpọ́n: ọmọ kò gbójú kúrò lára géèmù mọ́, ìjà àti ìpànìyàn ni ó sì kún inú rẹ̀; kí ni kí àwọn ṣe?

Ẹni tí ó bá gba Agbowó tàbí Challenge kọjá ní ìrọ̀lẹ́ yóò rí ṣọ́ọ̀bù tí a gbé tẹlifíṣọ̀n sí, tí àwọn ọ̀dọ́ jókòó síwájú rẹ̀ tàwọn ti pádì lọ́wọ́. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá jù, ìyẹn kò sì ni wá lára. Àmọ́ bí bọ́ọ̀lù bá sú wọn, wọ́n lè fi Mortal Kombat sí i, èyí tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1992, níbi tí jagunjagun kan ti ń fọwọ́ yọ ọkàn ẹni tí ó ṣẹ́gun láàyè. Tàbí Grand Theft Auto, níbi tí ọmọ yóò ti jí ọkọ̀ gbé, tí yóò sì máa yìnbọn fún ọlọ́pàá.

Mortal Kombat yìí náà wà lára ohun tí ó mú kí àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà pe àwọn oníṣẹ́ géèmù jókòó ní 1993. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni a dá àjọ ESRB sílẹ̀ láti máa fi àmì ọjọ́ orí sára géèmù. PEGI ti Yúróòpù dé ní 2003. Ìpínlẹ̀ California tilẹ̀ ṣòfin pé kí a má ta géèmù oníjà fún ọmọdé, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà fagi lé e ní 2011, wọ́n ní ó tako òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ. Lọ́hùn-ún pàápàá, ọwọ́ òbí ni ọ̀rọ̀ náà padà sí.

Ǹjẹ́ géèmù máa ń sọ ọmọ di apànìyàn? Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà sọ ní 2020 pé ìwádìí fi hàn pé géèmù oníjà bá ìwà bíi pípariwo mọ́ni àti títini tan díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí tí ó tó láti so ó mọ́ ìpànìyàn. Ìtàn ìlú wa gan-an jẹ́rìí sí i. Àwọn tí ó ń da bẹntiróòlù sí ilé àti ara ènìyàn nígbà Wẹ́tíẹ̀, ní 1965 sí 1966, kò rí géèmù rí láyé wọn. Nítorí náà, lójú tèmi, awo tí ó bá sọ fún ìyá kan pé géèmù ni ó ba ọmọ rẹ̀ jẹ́ ti gbé ẹ̀bi lé ohun tí kò lè fẹnu dáhùn.

Ohun tí ó yẹ kí ó kan awo lóminú ni pé kò sí àgbà níbẹ̀. Inú àlọ́ wa náà kò ṣàìní ìkà: wọ́n ń lu Ìjàpá, wọ́n ń dè é mọ́gi, ó ń pa ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń pa àlọ́ jókòó síbẹ̀, ó ń wojú ọmọ, ọmọ sì lè bi í léèrè. Gbangba ni a ti ń ta ayò, àwọn òǹwòran a sì máa dá sí i. Ọmọ tí ó ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́rí ní Bódìjà, tí ó ki nǹkan bọ etí, tí ó gbé fóònù tí bàbá rẹ̀ rà fún un ní Dùgbẹ̀ dání, ta ni yóò bi?

Èyí tí ó tún kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ni géèmù SMITE. Àwọn òrìṣà orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi ni a kó sínú rẹ̀ láti máa bá ara wọn jà, Yemọja àti Ọlọ́run sì wà lára wọn. Bí agbára Ọlọ́run bá tán lójú ìjà, yóò kú, yóò sì tún jí dìde. Ọlọ́run tí a kì í gbẹ́ ère fún! Síbẹ̀ n kò fi bẹ́ẹ̀ bínú sí àwọn tí ó ṣe é. Àjèjì ni wọ́n, ìtàn ni wọ́n ń wá. Bàbá tí ń gbé Ìbàdàn tí kò mú ọmọ rẹ̀ dé Pópóyemọja rí ni mo ní ẹjọ́ bá rò. Ìyá tí a ń bọ, jagunjagun ni ọmọ náà mọ̀ ọ́n sí.

Òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ti 2003 ní ẹni tí kò bá tí ì pé ọdún 18, ọmọdé ni. Ẹ jẹ́ kí a wo àmì ara páálí géèmù. Ibi tí àmì 18 bá wà, kì í ṣe ti ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ayédèrú díìsì tí a rà lẹ́bàá títì lè ṣàìní àmì kankan. Ẹ bi ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Google Play náà ń kọ ọjọ́ orí sára géèmù fóònù, òbí sì lè fi kọ́kọ́rọ́ tì í. (Àwa tí a ń wo fíìmù olóògùn owó ní pálọ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìgbìmọ̀ tí ń yẹ fíìmù wò ń fi 18 sára tiwa náà.) Ẹ má sì torí rẹ̀ na ọmọ, ẹni tí ó ń lu ọmọ nítorí pé ó wo ìjà, kí ni òun ń fi hàn án?

Ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ó bi ọmọ rẹ̀ lálẹ́ òní pé kí ni ó ń gbá, kí ó gba pádì kan, kí ó sì jókòó tì í títí ọ̀kan yóò fi parí. Ọmọ ni yóò kọ́ ọ bí a ṣe ń gbá a.