Ṣé ẹrẹ̀ etíkun Ìlàjẹ ṣeé fi mọ ìkòkò? Àlàyé fún ẹni tó fẹ́ fi amọ̀ ṣe iṣẹ́ ọnà kejì

Ẹrẹ̀ pọ̀ ní Ìlàjẹ. Yanrìn ni etí òkun Èkó, ṣùgbọ́n béèyàn bá ti dé apá Ayétòrò, ẹrẹ̀ ló kù. Etíkun ẹlẹ́rẹ̀ Máhìn làwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ń pè é. Bí ẹni tó ń hun ẹní níbẹ̀ bá wá fẹ́ fi ìkòkò mímọ kún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ṣé kó kàn bu ẹrẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ni?

Rárá o. Ẹrẹ̀ yẹn kúnná jù, omi tó mu sì pọ̀. Bó bá ń gbẹ, á sún kì, ìkòkò á sì sán. Iyọ̀ tún wà níbẹ̀: nǹkan bí gíráàmù 35 ló wà nínú lítà omi òkun kan. Bí omi ṣe ń jáde lára ìkòkò ni iyọ̀ ń bá a bọ̀, tí á hù funfun síta. Ìkarahun ló burú jù, torí ó ti rún wẹ́wẹ́, ẹ lè má rí i. Bí iná bá kọjá ìwọ̀n 800 lórí òṣùwọ̀n Celsius, á jóná di ohun tó máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Ẹ ó sun ìkòkò tán, ẹ ó gbé e kalẹ̀, inú yín á dùn. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ìkarahun á wú, á sì já ara ìkòkò bọ́.

Amọ̀ gidi ni kẹ́ ẹ wá. Àwọn amọ̀kòkò kan máa ń gún àpáàdì mọ́ ọn, nítorí àpáàdì ti rí iná tẹ́lẹ̀, kì í sún kì mọ́, ó sì ń la ọ̀nà fún omi láti jáde. Yanrìn Igbókòdá, tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ Oluwa Glass sílẹ̀, lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bẹ́ ẹ bá jọ̀ ọ́ kúnná. Bẹ́ ẹ bá wá ń sun ìkòkò náà, láàárín ìwọ̀n 450 sí 600, omi tó so mọ́ amọ̀ fúnra rẹ̀ ń jáde. Láti ìgbà náà, kò ní padà di ẹrẹ̀ mọ́.

Ẹni tó bá ní iṣẹ́ mìíràn ni òun kọ́, ẹ jẹ́ kó gbọ́ ti amọ̀kòkò Magdalene Odundo. Iṣẹ́ àwòrán ìpolówó ọjà ló kọ́kọ́ kọ́ ní Kenya, níbi tí wọ́n ti bí i ní 1950. Ó dé Cambridge ní 1971, ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ti kan amọ̀. Nígbà tó yá, ó wá sí ilé ẹ̀kọ́ ìkòkò mímọ tí Michael Cardew dá sílẹ̀ ní Suleja, ó sì kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ladi Kwali, obìnrin Gwari tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó ogún náírà. Nínú ọ̀nà ìbílẹ̀ àwọn obìnrin Gwari, wọn kì í lo ẹ̀rọ tó ń yí amọ̀: ìkòkò á dúró, amọ̀kòkò ló ń yí i po. Bẹ́ẹ̀ náà ni Odundo ṣe ń fi ọwọ́ mọ tirẹ̀ títí dòní, tó ń fi òkúta dán an. Iná kìíní á sọ ọ́ di pupa, èéfín á sọ òmíràn di dúdú. Lójú tèmi, ojú tó fi kọ́ iṣẹ́ àwòrán kò ṣòfò rárá; òun ló fi ń rí ìlà ọrùn àti ikùn ìkòkò. Ní 2020, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi oyè Dame dá a lọ́lá.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ má tíì ra ẹ̀rọ kankan. Ẹ lọ sí Erúsú-Àkókó, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó níbí, tàbí Ìpetumodù l'Ọ́ṣun, kẹ́ ẹ bẹ àwọn ìyá tó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà kí wọ́n fi amọ̀ tí wọ́n ń lò hàn yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè lọ; àwọn tó mọ̀ ọ́n ń dàgbà, àwọn ọmọ tó ń kọ́ ọ kò sì pọ̀.