Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Òfurufú

Ẹni tí ó bá ti bá ọkọ̀ akẹ́rù sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Ọ̀kà mọ bí àyà ti í já bí a bá ní táyà ọkọ̀ náà kò dára. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀ràn rí fún ẹni tí ó kúrò ní Ìkàrẹ́ lọ wọ ọkọ̀ òfurufú ní Àkúrẹ́.

Bí ọkọ̀ òfurufú bá ti gbéra, a ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú bí ti ẹyẹ; bí ó bá fẹ́ balẹ̀, a tún nà án. Bí ẹsẹ̀ náà bá kọ̀ tí kò jáde ńkọ́? Awakọ̀ kì í kánjú. Yóò ránṣẹ́ sí àwọn tí ń ṣọ́ pápá, yóò ka ìwé ìlànà rẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, yóò dán ọ̀nà kejì tí a fi ń sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ wò, yóò sì máa yí ká títí epo yóò fi dínkù, kí iná má baà rí púpọ̀ jó.

Bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀gá Tadeusz Wrona ṣe ní Warsaw, ní ilẹ̀ Póláńdì, ní ọjọ́ 1 oṣù Nofẹ́ḿbà, 2011. Ènìyàn 231 ni ó kó wá láti Amẹ́ríkà. Ó yí ká ju wákàtí kan lọ, a da ohun tí ń hó bí ọṣẹ sí ojú pápá, ó sì fi ikùn ọkọ̀ balẹ̀. Ẹnì kan kò kú. Nígbà tí a gbé ọkọ̀ náà sókè, a rí i pé ohun kékeré kan tí ń gba iná mànàmáná kọjá ni ó yọ láyè rẹ̀. Bí a ti tì í padà, ẹsẹ̀ jáde.

Ti Jeddah kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Júláì, 1991, ọkọ̀ Nationair ti Kánádà, tí Nigeria Airways yá lò, ń kó àwọn tí ó lọ sí Mẹ́kà padà bọ̀ sí Sókótó. Afẹ́fẹ́ inú táyà rẹ̀ kò pé. Àwọn tí ń tọ́jú ọkọ̀ mọ̀. Ṣùgbọ́n a kò fẹ́ kí ìrìn àjò pẹ́. Táyà bẹ́ bí ọkọ̀ ti ń sáré, iná ràn, àwọn awakọ̀ sì ká ẹsẹ̀ tí ń jó náà wọ inú ọkọ̀ láìmọ̀. Wọ́n yí padà, wọn kò dé pápá. Gbogbo ènìyàn 261 ni ó kú.

Awakọ̀ ti Warsaw ní àkókò. Ti Jeddah kò ní. Ọgbọ́n ojú òfurufú kò lè ṣe iṣẹ́ tí a fi sílẹ̀ láìṣe ní ilẹ̀. Nítorí náà, bí a bá dá yín dúró kí a lè yẹ ẹsẹ̀ ọkọ̀ wò, ẹ má ṣe kùn. Ẹ kọ́ ọmọ yín tí ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì láti má ṣe tijú àtiwí pé, “Ọkọ̀ yìí kò tíì yẹ ní rírìn.” Ẹ̀yin tí ẹ sì jẹ́ ọ̀gá, bí ó bá wí i, ẹ gbọ́.