Àgbẹ̀ tó bá fẹ́ kí ìyàwó òun jẹ nínú oko lẹ́yìn ikú òun, ojú ayé ẹ̀ ló yẹ kó ti ṣètò ẹ̀

Ní àdúgbò Ọ̀tọ̀, létí Ìdó àti Òyìngbò l'Ekoo, ilé àti ṣọ́ọ̀bù ló kún gbogbo ibẹ̀ báyìí. Ìdó ni ọkọ̀ ojú irin ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra lọ sí Ibadan lọ́dún 1901, ibẹ̀ náà ni ẹrù oko sì máa ń gbà wọ ìlú nígbà náà. Iṣu, gàrí, epo pupa àti obì táwọn èèyàn ń rà lágbègbè yẹn, ọwọ́ àgbẹ̀ kan níbì kan ni wọ́n ti wá. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé Eko ni wọ́n ń gbé, ṣùgbọ́n tí oko wọn wà lókè lọ́hùn-ún.

Ká mú àpẹẹrẹ ọkùnrin kan bẹ́ẹ̀, ẹni ọgọ́ta ọdún. Ọ̀tọ̀ nilé ẹ̀ wà, oko ẹ̀ wà lábúlé kan ní Ìpínlẹ̀ Ògùn: kòkó, obì àti ọ̀pẹ. Ìyàwó méjì ló fẹ́ nílànà ìbílẹ̀. Ìyálé bímọ mẹ́rin fún un, ìyàwó kékeré bí ẹyọ kan. Ìyàwó kékeré yìí ló ti ń bá a re oko láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn. Òun ló ń bá a fọ́ kòkó, òun ló ń sá a, òun náà ló sì ń dúró ti àwọn tó ń wọ̀n ọ́n. Bí ọkùnrin náà bá kú lójijì láìkọ nǹkan kan sílẹ̀, ta ni yóò kówó kòkó ọdún tó ń bọ̀?

Ìbéèrè kékeré kọ́ nìyẹn o. Lóṣù kejìlá ọdún 2024, owó tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá dọ́là 12,000 lọ́jà àgbáyé. Ó ti já wálẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, ṣùgbọ́n irú owó bẹ́ẹ̀ ló máa ń mú kí mọ̀lẹ́bí tí kò yọjú sóko rí bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀nà oko. Baálé kú, ilé dahoro, làwọn àgbà wí. Ká tó sin òkú tán, oko náà lè ti di ìjà.

Ìyàwó kì í jogún ọkọ

Nílànà ìbílẹ̀ Yorùbá, ẹ̀jẹ̀ ni ogún ń tẹ̀ lé. Ọmọ ló ń jogún bàbá, ìyàwó kì í jogún ọkọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ lábẹ́ igi lásán nìyí, àwọn ilé-ẹjọ́ gan-an ti fọwọ́ sí i. Lọ́dún 1957, nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lórílẹ̀-èdè yìí nígbà náà sọ pé ìyàwó kò lè jogún dúkìá ọkọ ẹ̀, nítorí pé òun fúnra ẹ̀ wà lára ohun tí ẹbí ọkọ lè ṣú lópó. Ogójì ọdún lẹ́yìn ìyẹn, lọ́dún 1997, Supreme Court tún ṣẹjọ́ Akinnubi, wọ́n sì sọ pé nílànà ìbílẹ̀ Yorùbá, opó kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ìwé àṣẹ tí yóò fi máa ṣàkóso dúkìá ọkọ ẹ̀ tó kú.

Òótọ́ ni pé lọ́dún 2014, Supreme Court kan náà bu ẹnu àtẹ́ lu àṣà Awka, nílẹ̀ Ìgbò, tó fẹ́ lé opó kan kúrò nílé ọkọ ẹ̀ nítorí pé kò bímọ ọkùnrin. Wọ́n ní irú àṣà bẹ́ẹ̀ kò bá ọmọlúàbí mu. Ìdájọ́ náà fún àwọn opó nígboyà, ṣùgbọ́n opó tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ lówó lọ́yà lọ́wọ́, kó sì ní sùúrù ọdún púpọ̀. Ìyàwó àgbẹ̀ tó ní ọmọ láti rán níléèwé kò ní àkókò yẹn.

Irú ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe tún lè yí ọ̀rọ̀ padà. Ẹni tó bá gbéyàwó ní kóòtù, tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ní àṣẹ ìjọba, òfin Ìpínlẹ̀ Eko lórí dúkìá ẹni tó kú fún ìyàwó ẹ̀ ní ìpín tirẹ̀ nínú ohun tí ọkọ fúnra ẹ̀ ní. Bó bá jẹ́ Mùsùlùmí, tí ẹbí sì gbà láti pín in nílànà ẹ̀sìn, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni ti ìyàwó bí ọkọ bá fi ọmọ sílẹ̀. Bí wọ́n bá sì ju ẹyọ kan lọ, wọn yóò jọ pín in láàárín ara wọn ni. Ẹni tí wọ́n kàn san owó orí ẹ̀, tí wọ́n gbé ẹrù ìdáná, tí wọn ò sì lọ sí kóòtù, abẹ́ àṣà ìbílẹ̀ ló wà.

Ìdí-igi àbí orí-ò-jorí?

Àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn náà kì í ṣàìní ọ̀rọ̀ tiwọn. Ọ̀nà méjì làwọn Yorùbá ń gbà pín ogún. Èkíní ni ìdí-igi, tí wọ́n ń pín in ní iye ìyàwó tó bímọ. Èkejì ni orí-ò-jorí, tí wọ́n ń pín in dọ́gba ní iye ọmọ.

Ẹjọ́ tó lókìkí jù lórí ọ̀rọ̀ yìí, Eko ló ti wáyé, ìyẹn ẹjọ́ Dawodu àti Danmole. Ọkùnrin kan kú ní nǹkan bí ọdún 1940 láìkọ ìwé ìhágún. Ìyàwó mẹ́rin ló ní, ọmọ mẹ́sàn-án ló sì fi sáyé. Àwọn ọmọ kò gbọ́ra wọn yé lórí bí wọn yóò ṣe máa pín owó tó ń wọlé. Adájọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà fara mọ́ orí-ò-jorí, ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ tó ga jù ú lọ ní rárá, ìdí-igi ni àṣà. Ẹjọ́ náà dé ìgbìmọ̀ àwọn adájọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní London, níbi tí ẹjọ́ Nàìjíríà ń parí sí nígbà náà, àwọn náà sì fara mọ́ ìdí-igi lọ́dún 1962. Olórí ẹbí nìkan ló lè ní kí wọ́n lo orí-ò-jorí, bí ìjà bá wà lórí bí wọn yóò ṣe pín in. Ká fojú wò ó: bàbá ti kú láti 1940, ẹjọ́ parí ní 1962.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àgbẹ̀ wa ará Ọ̀tọ̀. Ká ní oko ẹ̀ mú mílíọ̀nù kan náírà wọlé. Bí wọ́n bá lo ìdí-igi, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyàwó kékeré bí yóò gba 500,000 náírà, àwọn ọmọ ìyálé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò sì gba 125,000 náírà ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ orí-ò-jorí, 200,000 náírà ló kan ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ìyàtọ̀ 300,000 náírà ló wà níbẹ̀ fún ọmọ kan náà. Ṣé ọ̀rọ̀ tí wọn kò ní torí ẹ̀ jà nìyẹn? Àwọn ìyàwó méjèèjì ńkọ́? Kò sí kọ́bọ̀ tó jẹ́ tiwọn nínú ìpín méjèèjì, àfi ohun tí ọmọ bá fún ìyá ẹ̀. Bí ọmọ náà bá kéré, ọwọ́ ẹbí bàbá ni ìpín ẹ̀ yóò wà.

Ti ọmọbìnrin kò ṣòro tó bí àwọn kan ṣe ń sọ. Láti ọdún 1908, nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole, ilé-ẹjọ́ l'Ekoo ti sọ pé ọmọbìnrin ní ẹ̀tọ́ nínú dúkìá bàbá ẹ̀ bíi ti ọkùnrin, àti pé lẹ́yìn ikú dáwódù, ọmọ tó bá dàgbà jù nínú àwọn tó kù ló kàn láti ṣe olórí ẹbí, ì báà jẹ́ obìnrin.

Àwọn ará Ghana, tí kòkó gbajúmọ̀ lọ́dọ̀ wọn, ti ṣe òfin lórí irú ọ̀rọ̀ yìí láti ọdún 1985. Bí ẹnì kan bá kú láìkọ ìwé ìhágún níbẹ̀, ilé kan àti ẹrù inú ilé di ti ìyàwó àtàwọn ọmọ. Ìyókù, wọn yóò pín in sọ́nà mẹ́rìndínlógún: mẹ́sàn-án fún àwọn ọmọ, mẹ́ta fún ìyàwó, méjì fún òbí olóògbé, méjì fún ẹbí nílànà ìbílẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, àgbẹ̀ fúnra ẹ̀ ló máa ṣe òfin tirẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó wà láyé.

Ta ló nilẹ̀?

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí àgbẹ̀ mọ̀ ni pé kò lè há ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Oríṣi mẹ́ta ni ilẹ̀ oko. Ilẹ̀ tó fowó ara ẹ̀ rà wà, ilẹ̀ ẹbí wà, ilẹ̀ tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lé lórí náà wà.

Ọ̀tọ̀ gan-an jẹ́ àpẹẹrẹ ilẹ̀ ẹbí. Abẹ́ ìdílé Ọlọ́tọ̀, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ́ tó ń dé fìlà funfun l'Ekoo, ni ilẹ̀ agbègbè náà wà láyé àtijọ́. Ẹni kan nínú ìdílé tó bá ń dáko sórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè kọ ọ́ fún ìyàwó ẹ̀ bí ẹni pé òun nìkan ló ni ín. Òfin ìwé ìhágún ní Eko àti nípìnlẹ̀ Yorùbá yòókù náà sọ pé ẹni tó ń kọ ọ́ kò lè fi tẹ àṣà ìbílẹ̀ lójú lórí irú dúkìá bẹ́ẹ̀. Àwọn igi tó gbìn àti ìrè oko ló yẹ kó bá ẹbí sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ní ti ilẹ̀ ìṣákọ́lẹ̀, ọmọ lè gba ipò bàbá ẹ̀ lórí ẹ̀, tí wọ́n bá ṣáà ń san ìṣákọ́lẹ̀, tí wọn ò sì sẹ́ onílẹ̀. Àgbẹ̀ tó bá gbọ́n yóò mú ìyàwó àti ọmọ ẹ̀ lọ mọ onílẹ̀, yóò sì tọ́jú gbogbo risíìtì. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 pàápàá sọ pé bí ìjọba bá gba ilẹ̀ fún iṣẹ́ ìlú, wọ́n gbọ́dọ̀ san owó gbà-má-bínú fún ohun tó wà lórí ẹ̀, tó fi mọ́ irè oko. Ẹni tí kò bá ní ìwé tó fi hàn pé òun ló gbin igi, kí ló fẹ́ fi gba owó náà?

Ohun tí àgbẹ̀ lè ṣe

Èkíní ni àkọsílẹ̀. Kó ra ìwé kékeré kan, kó kọ iye igi tó wà lóko sínú ẹ̀, ààlà oko, ọdún tó gbìn wọ́n, àwọn tó jẹ ẹ́ lówó àti àwọn tó jẹ lówó. Bó bá lágbára, kó jẹ́ kí sọ̀féyọ̀ wọn ilẹ̀ tó rà.

Èkejì ni ẹ̀bùn ojú ayé. Bó bá fẹ́ kí ìyàwó ẹ̀ ní éékà kan nínú oko tó fowó ara ẹ̀ rà, kó fún un báyìí. Kó pe ẹbí àtàwọn tí wọ́n jọ pààlà, kó fi ààlà hàn lójú wọn, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí àwọn ẹlẹ́rìí sì fọwọ́ sí i. Láti ọjọ́ yẹn, ìyàwó náà ni kó máa kórè ibẹ̀, kó máa tà á lórúkọ ara ẹ̀. Ohun tó ti di tirẹ̀ kí ọkọ tó kú kì í ṣe ogún tí wọ́n ń pín.

Ẹ̀kẹta ni ìwé ìhágún. Àwọn kan ní ẹni tó bá kọ ọ́ ń fọwọ́ pe ikú, ṣùgbọ́n òní là ń rí, kò sẹ́ni tó mọ̀la. Ẹni tó bá ti pé ọdún méjìdínlógún lè kọ ọ́. Yóò fọwọ́ sí i lójú ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn náà yóò sì fọwọ́ sí i. Ẹni tí wọ́n há nǹkan fún, tàbí ọkọ tàbí ìyàwó irú ẹni bẹ́ẹ̀, kò gbọ́dọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n há fún un lè bọ́ sọ́nù. Àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé kà lè tẹ̀ka, bí wọ́n bá ti kà á sí i létí ní Yorùbá, tí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé náà pé wọ́n kà á. Kó yan ẹni méjì tó fọkàn tán láti ṣe alábòójútó. Ẹ̀dà kan ṣe é fi pamọ́ sí ẹ̀ka ilé-ẹjọ́ gíga tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ogún.

Owó tí kò sí lórí ilẹ̀

Àṣìṣe kan wọ́pọ̀. Ọ̀pọ̀ rò pé orúkọ tí àwọn kọ sí fọ́ọ̀mù bánkì gẹ́gẹ́ bíi ìbátan tó sún mọ́ àwọn jù ló máa jogún owó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí bánkì máa ké sí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lásán ni. Kí bánkì tó san owó olóògbé, ìwé àṣẹ ilé-ẹjọ́ ni wọ́n máa ń béèrè.

Nítorí náà, ó yẹ kí àgbẹ̀ ní owó díẹ̀ níbòmíì tí ìjà ẹbí kò ní tètè dé. Nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kó béèrè fọ́ọ̀mù tí ọmọ ẹgbẹ́ máa ń kọ orúkọ ẹni tí wọ́n yóò san owó ẹ̀ fún sí. Ilé iṣẹ́ adójútòfò náà ń ta ìdójútòfò ẹ̀mí, tí wọ́n ń san fún ẹni tí olówó dárúkọ. Kí àgbẹ̀ má ṣe fi èyí wé ti NAIC, ilé iṣẹ́ adójútòfò iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ gbé ètò ẹ̀ kalẹ̀ lóṣù kejìlá ọdún 1987. Oko àti ẹran ọ̀sìn nìyẹn ń dáàbò bò, kì í ṣe ìyàwó àgbẹ̀. Láti oṣù kẹta ọdún 2019 ni ìjọba sì ti ṣí ètò owó ìfẹ̀yìntì sílẹ̀ fún àgbẹ̀, oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́, tí kálukú lè máa san ìwọ̀n tí agbára ẹ̀ gbé.

Kò sí èyí tó gba ọrọ̀ rẹpẹtẹ nínú gbogbo ẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ kan, ìpàdé ẹbí ọjọ́ kan, ìbẹ̀wò kan sọ́dọ̀ lọ́yà. Bí àgbẹ̀ ará Ọ̀tọ̀ yẹn bá ṣe é kí kòkó ọdún yìí tó pọ́n, ìyàwó kékeré tó ń bá a sá kòkó láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò ní máa ṣagbe lóko tí òun náà fi òógùn ẹ̀ gbìn, ọmọ mẹ́rin ìyálé àti ọmọ kan tirẹ̀ kò sì ní pàdé ní kóòtù.