Bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìṣirò Owó Ṣe Di Gíwá Àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Iléṣà

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìjọba fẹ́ yí padà ní Ilé Ìjọba tó wà ní Òkè Fíà, Òṣogbo. Gbóyèga Oyètọ́lá ti ẹgbẹ́ APC ń palẹ̀ mọ́, Adémọ́lá Adélékè ti ẹgbẹ́ PDP ń múra àtiwọlé. Lára ohun tí Oyètọ́lá fi sílẹ̀ ni òfin tó sọ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Olùkọ́ni ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Iléṣà, di Yunifásítì Iléṣà. Wọ́n búra fún Adélékè ní ọjọ́ 27 oṣù náà. Kò pẹ́ rárá tó fi buwọ́ lu àṣẹ tó fagi lé ìgbanisíṣẹ́ àti ìyannisípò tí ìjọba àná ṣe láti ọjọ́ 17, oṣù Keje, ìyẹn ọjọ́ kejì ìbò.

Ta ni ọkàn rẹ̀ máa balẹ̀ ní Iléṣà lọ́jọ́ náà? Ẹni tó bá mọ ìṣèlú ilẹ̀ wa mọ̀ pé iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ kan bá bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ kejì lè gbàgbé rẹ̀ sínú igbó. Àmọ́ ìjọba Adélékè yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, ó sì tẹ̀ síwájú. Ní ọdún 2023 ni gómìnà yan Ọ̀jọ̀gbọ́n Táíwò Olúfẹ́mi Asaolu gẹ́gẹ́ bíi gíwá àkọ́kọ́. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ló ti wá, láti ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ìṣàkóso iṣẹ́ àti ìṣirò owó.

Ó yẹ kéèyàn bèèrè ìdí tó fi jẹ́ onímọ̀ ìṣirò owó. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ ì bá sì retí ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ẹ̀kọ́. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó ti wà láti 2006 ti ní òpìtàn ní ipò gíwá, ìyẹn Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣọlá Akínrìnádé. Ó ti ní onímọ̀ igbó, Ọ̀jọ̀gbọ́n Lábọ̀dé Pópóọlá. Ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní bí a ṣe ń ka owó, tí a sì ń ṣe ìjíhìn rẹ̀, kò wọ́pọ̀ nípò náà.

Ọ̀nà tó gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ dé Iléṣà ti pẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ tó di olùkọ́. Ní 1963, nígbà tí Yunifásítì Ifẹ̀ (Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí) ṣì wà ní Ìbàdàn, wọ́n dá Institute of Administration sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn òyìnbó amúnisìn ti ń kẹ́rù wọn lọ sílé, Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sì nílò ọmọ ilẹ̀ yìí tó mọ fáìlì, tó mọ ìṣúná, tó lè bójú tó ìjọba ìbílẹ̀ láìsí ẹni tó ń dì í lọ́wọ́ mú. Adébáyọ̀ Adédèjì fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ wá kọ́ni níbẹ̀, ó sì darí ibẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1960. Láti ibẹ̀ ni Ọ̀gágun Gowon ti mú un ní 1971 láti jẹ́ kọmíṣọ́nnà àpapọ̀ fún ètò ọrọ̀ ajé, ipò tó wà nígbà tó ṣagbátẹrù ECOWAS tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975. Institute yẹn ló dàgbà di Fákọ́tì Administration ti Ifẹ̀. Ẹ̀ka ìṣirò owó àti ẹ̀ka ìṣàkóso ìjọba wà pa pọ̀ nínú rẹ̀, ẹ̀ka ìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ náà kò sì jìnnà sí wọn.

Èmi rò pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Lọ́pọ̀ ibi lágbayé, ilé-iṣẹ́ ńlá àti báǹkì ni ẹ̀kọ́ òwò dojú kọ. Ní Ifẹ̀, iṣẹ́ ìjọba ló bí i. Ẹni tó bá kọ́ni níbẹ̀ pẹ́ yóò mọ ìwé owó oníṣòwò, yóò sì mọ ìdí tí owó tí ìjọba kọ sínú ìṣúná fi lè má dé ọwọ́ ẹni tí wọ́n kọ ọ́ fún. Asaolu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé ní 2005 lórí bí ìjọba Nàìjíríà ṣe ń ta ilé-iṣẹ́ rẹ̀ fún aládàáni, àti ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún ìṣèjọba rere. Ìbéèrè pé kí ló yẹ kí ìjọba máa náwó lé, kí ló sì yẹ kó fi sílẹ̀, kò ṣàjèjì sí i nígbà tí ìjọba gbé yunifásítì tuntun lé e lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ náà dáadáa. Láti ìparí àwọn ọdún 1970, lẹ́yìn tí wọ́n pín Western State sí mẹ́ta ní 1976 tí Iléṣà sì bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ni kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn ti ń fún àwọn ọmọ ní ìwé ẹ̀rí olùkọ́ tí wọ́n ń pè ní NCE. Àìmọye olùkọ́ tó kọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama ló ti ibẹ̀ jáde. Nígbà tí òfin sọ ọ́ di yunifásítì, ilé náà kò kúrò níbi tó wà, àwọn òṣìṣẹ́ náà kò sì pòórá. Olùkọ́ tó ti dé òkè téńté ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí wọ́n ń pè ní Chief Lecturer, lè má ní oyè ọ̀mọ̀wé tí yunifásítì ń béèrè. Níbo ni wọ́n máa fi í sí? Òṣùwọ̀n owó oṣù kọ́lẹ́ẹ̀jì yàtọ̀ sí ti yunifásítì. Owó àjẹmọ́nú àti owó ìfẹ̀yìntì àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ọdún gbọọrọ wà ńlẹ̀. Ilẹ̀ wà, ilé wà, gbèsè lè wà, ó sì yẹ kí ẹnì kan jókòó ka gbogbo rẹ̀ sínú ìwé.

Àjọ NUC tó ń bójú tó àwọn yunifásítì Nàìjíríà kì í sì í jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kankan láìjẹ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti wá wo iye olùkọ́, ibi ìkàwé, yàrá ìwádìí àti ìjókòó. Gbogbo ìwọ̀nyí, owó ni. Owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere, àwọn bàbá wa kò sì yọ ìmọ̀ ìwé sílẹ̀ nínú rẹ̀. Gíwá tí kò lè ka ìwé owó fúnra rẹ̀ yóò máa gbọ́ ohun tí akápò bá sọ fún un, yóò sì máa buwọ́ lù ú. Fún yunifásítì tó ti wà fún àádọ́ta ọdún, ìyẹn lè má ṣe nǹkan kan. Èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ ní tirẹ̀, àṣìṣe owó ọdún kìíní rẹ̀ ló máa san fún ogún ọdún.

Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí Iléṣà wà, wọ́n ti rí gíwá tó ti ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àti òwò wá rí. Ìjọ Christ Apostolic Church dá Yunifásítì Joseph Ayọ̀ Babalọlá sílẹ̀ ní 2006 ní Ìkèjì-Arákeji, níbi tí àwọn onígbàgbọ́ gbà pé Ọlọ́run ti pe wòlíì Babalọlá ní 1928 nígbà tó ń wa ẹ̀rọ tó ń tẹ títì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣọlá Fájánà, onímọ̀ nípa àjọṣe òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ láti Yunifásítì Èkó, jẹ gíwá níbẹ̀. Ní Èkó, Enase Okonedo, aṣírò-owó tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣàkóso iṣẹ́, ni olórí Lagos Business School fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó di gíwá Yunifásítì Pan-Atlantic ní 2022, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó dé ipò náà. Àwọn méjèèjì ṣe tiwọn ní yunifásítì aládàáni, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ ti lè bu owó tó bá ìnáwó rẹ̀ mu lé àwọn òbí. Iléṣà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ láti Ìbòkun àti ọmọ oníṣòwò láti ọjà Àtàkúmọ̀sà gbọ́dọ̀ lè san án, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí ni ìwúlò yunifásítì ìjọba? Iṣẹ́ Asaolu le ju tiwọn lọ nítorí èyí.

Ṣùgbọ́n kò sí ìlú tó yẹ kó mọ ìṣirò owó ju Iléṣà lọ. Àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń pè ní Òṣómàáló gbé aṣọ kiri ìlú onílùú láyé ìjọba òyìnbó, wọ́n tà á láwìn, wọ́n sì gba owó wọn pé pérépéré. Nínú owó òwò bẹ́ẹ̀ ni Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe Ilé Ìjẹ̀ṣà ti dá Iléṣà Grammar School sílẹ̀ ní 1934, láìdúró de ìjọba kankan. Lawrence Omole, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, dá International Breweries sílẹ̀ ní Iléṣà, ilé-iṣẹ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí ní 1978. Ọba Adékúnlé Arómọláràn tó wà lórí ìtẹ́ Ọwá Obòkun ti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà láti 1982 títí ó fi wàjà ní 2024 ti kọ ìwé ètò ọrọ̀ ajé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ìṣojú Kábíyèsí yìí ni yunifásítì ṣe wọ ìlú rẹ̀, lábẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò owó. Inú mi dùn pé ó rí i.

Ohun kan wà tí yíyan ọ̀mọ̀wé kò lè ṣe. Nàìjíríà kún fún yunifásítì ìpínlẹ̀ tí òfin dá sílẹ̀ tí owó kò tẹ̀ lé. Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ mọ ìrora yìí: ó bá Ọ̀yọ́ pín yunifásítì LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àríyànjiyàn ta ló máa san kí ni kò sì tán títí Ọ̀ṣun fi yọwọ́ ní 2020. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló jìyà rẹ̀. Àwọn mìíràn lo ọdún méje sí mẹ́jọ lórí ẹ̀kọ́ ọdún márùn-ún. Bí ìjọba bá tún fi Yunifásítì Iléṣà sínú irú ipò bẹ́ẹ̀, kò sí ìmọ̀ ìṣirò owó tó lè sọ òfo di owó.

Mo bẹ ìjọba pé kí owó tí wọ́n bá kọ sínú ìṣúná fún yunifásítì yìí máa dé ọwọ́ rẹ̀ lásìkò. Mo bẹ Gíwá náà pé kí wọ́n máa tẹ ìwé ìṣirò owó yunifásítì jáde lọ́dọọdún, kí aráàlú lè kà á, nítorí ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní ìjíhìn ló yẹ kó kọ́kọ́ ṣe é. Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀ṣà nílé lóko, ní Èkó, ní London àti Amẹ́ríkà, ẹ kọ́ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ẹ ra ohun èlò sí yàrá ìwádìí, bí àwọn bàbá yín ti ṣe ní 1934. Kí ẹ sì béèrè ìwé owó náà lọ́wọ́ wọn.