Wolé-Wolé Ilé Iṣẹ́ Ń Bọ̀: Kí Ni Kí Òṣìṣẹ́ Sọ?

Àwọn àgbà tó wà láàárín wa ní Adó kò lè gbàgbé ìgbà àwọn wolé-wolé. Bí a bá ti gbúròó pé wọ́n wà ní Ìjìgbò, kíá ni àwọn ará Òkè-Ìyìnmi yóò ti máa gbá ẹ̀yìnkùlé, tí wọn yóò sì sáré gbé ìkòkò omi tó ní tanwíjí pamọ́ sí abẹ́ ibùsùn. Wolé-wolé yóò wò títí, kò ní rí nǹkan kan, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Tanwíjí abẹ́ ibùsùn ńkọ́? Ó di ẹ̀fọn, àwọn onílé náà ló sì ń jẹ.

Irú eré yìí ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ṣì ń ṣe bí wọ́n bá gbọ́ pé àwọn olùyẹ̀wò ń bọ̀ wá wo ètò ààbò àti ìlera òṣìṣẹ́. Nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bíi tiwa, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní sọ́míìlì wà, àwọn ti ilé búrẹ́dì àti ilé ìtẹ̀wé wà, àwọn tó ń bó ìrẹsì ní Ìgbẹ́mọ náà wà. Àwọn kan jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀, àwọn kan jẹ́ òṣìṣẹ́. Tọ̀tún-tòsì ni ọ̀rọ̀ yìí kàn.

Òfin ilé iṣẹ́ ti ọdún 1987 ni àwọn olùyẹ̀wò ìjọba àpapọ̀ fi ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe ilé iṣẹ́ ńláńlá nìkan ló bá wí. Ibi tí èèyàn kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá ti ń fi ọwọ́ ṣe ọjà, òfin ti mọ̀ ọ́n. Olùyẹ̀wò lè wọlé lọ́sàn-án tàbí lóru tí iṣẹ́ bá ń lọ. Ó lè pe òṣìṣẹ́ kan sí ẹ̀gbẹ́, kí ó bi í léèrè ọ̀rọ̀ láìsí ọ̀gá níbẹ̀. Nàìjíríà sì ti fọwọ́ sí àdéhùn nọ́ńbà 81 ti Àjọ Iṣẹ́ Àgbáyé láti 1960, èyí tó ní olùyẹ̀wò kò gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tó mú ẹ̀sùn wá bá a.

Ti ìpè sí ẹ̀gbẹ́ yìí ló ń ba àwọn ọ̀gá kan lẹ́rù. Wọn a kó òṣìṣẹ́ jọ láàárọ̀, wọn a kọ́ wọn bí ọmọ iléèwé: “Bí wọ́n bá bi yín, ẹ ní a máa ń fún yín ní ìbọ̀wọ́.” Ìbọ̀wọ́ tí wọ́n yá wá láàárọ̀ ọjọ́ náà ni o!

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Karachi, ní ilẹ̀ Pakistan. Ilé iṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ń rán aṣọ fún àwọn ará Yúróòpù, Ali Enterprises ni orúkọ rẹ̀. Ní August 2012 wọ́n gba ìwé ẹ̀rí SA8000, ìyẹn ni pé àwọn olùyẹ̀wò ti wá, wọ́n sì ní ibẹ̀ dára. Ní September 11, ọdún yẹn kan náà, iná sọ níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó kú lé ní 250. Irin ni wọ́n fi dí ojú fèrèsé, ilẹ̀kùn sì wà ní títì. Ní 2020 ilé-ẹjọ́ wọn dájọ́ pé àwọn kan ló mọ̀ọ́mọ̀ tiná bọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kò yí ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn padà. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé wọ́n ti kọ́ àwọn ní irọ́ tí àwọn yóò pa fún olùyẹ̀wò, pé ẹni tó bá sọ òmíràn, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni tó bá ní Pakistan jìn, ṣé Ìkòròdú náà jìn? Ní September 2002, iná jó ilé iṣẹ́ kan ní Odogunyan lóru, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ sínú. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò jáde. Bẹ́ẹ̀ òfin 1987 sọ ọ́ gbangba pé bí èèyàn bá wà lẹ́nu iṣẹ́, ilẹ̀kùn kò gbọ́dọ̀ tì lọ́nà tí ẹni tó wà nínú kò fi ní lè tètè ṣí i. A mọ̀ pé olè ń dààmú yín. Ẹ gba ọlọ́dẹ.

Báwo wá ni kí a ṣe múra? Ẹ̀yin ọ̀gá, ó kéré tán ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ẹ mú ẹni tó ń lo ẹ̀rọ gan-an, kí ẹ jọ rìn yí ibi iṣẹ́ ká. Ẹ bi í pé, “Níbo ló ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gé ọ lọ́wọ́ rí?” Ẹ má bínú sí èsì rẹ̀. Ẹni tó ń ti pákó sí ẹnu ayùn lójoojúmọ́ mọ ohun tí olùyẹ̀wò kò lè rí ní wákàtí méjì. Yóò fi ìdérí bẹ́líìtì tí wọ́n tú láti fi tún ẹ̀rọ ṣe hàn yín, tí kò padà síbi tó wà mọ́, àti wáyà jẹnẹrétọ̀ tó ti bó. Ní ibi ìrẹsì, yóò sọ ti eruku èèpo tó ń fún un ní ikọ́. Ẹ̀rọ panápaná tó wà lára ògiri, ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù fọwọ́ gbé e, kí wọ́n mọ bí a ṣe ń tú u. Ẹ má sì fi àwọn ọmọ iṣẹ́ pamọ́ sẹ́yìn ilé lọ́jọ́ náà. Ọwọ́ tiwọn ni ayùn máa ń kọ́kọ́ bá.

Ìwé tí a ń kọ ìjàǹbá sí náà ńkọ́? A gbọ́ pé àwọn kan a máa jókòó kọ ti ọdún kan ní òru ọjọ́ kan, bírò kan, ọwọ́ ìkọ̀wé kan. Ta ni wọ́n rò pé àwọn ń tàn? Ìjàǹbá tó bá dá òṣìṣẹ́ dúró ju ọjọ́ 3 lọ, òfin ní kí a fi tó olùyẹ̀wò létí.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ohun tí ẹ bá rí ni kí ẹ sọ. “N kò mọ̀” kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kò sí ẹni tí wọ́n lè fi dandan mú dáhùn ìbéèrè tí yóò kó òun fúnra rẹ̀ sí wàhálà. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin náà má tú ìdérí ẹ̀rọ nítorí kí iṣẹ́ lè yá, kí ẹ wá ní ọ̀gá ló fà á.

Ó ku ti owó ìtanràn ara. Láti ìgbà òfin ọdún 2010, gbogbo ọ̀gá ló yẹ kó máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó oṣù òṣìṣẹ́ sí àpò NSITF, kò sì gbọ́dọ̀ yọ ọ́ nínú owó òṣìṣẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá farapa lẹ́nu iṣẹ́, kí ó fi tó ọ̀gá létí láàárín ọjọ́ 14; ọ̀gá ní ọjọ́ 7 láti fi ránṣẹ́ síwájú. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì mú ẹ̀dà kan pamọ́ sílé.