Kọ̀ǹpútà tó yadi: ohun tí ẹ lè ṣe kí ẹ tó gbé e dé Ìbàdàn

Kọ̀ǹpútà inú ilé kì í ṣe nǹkan ọlọ́lá nìkan mọ́ ní Òkè-Ògùn. Láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, láti Òkehò dé Kìṣí, ẹ ó rí i nínú yàrá akẹ́kọ̀ọ́, nínú ilé olùkọ́ àti ní ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń bá aráàlú tẹ ìwé. Tòkunbọ̀ sì ni púpọ̀ nínú wọn. Ọ̀kan lára àìsàn tó máa ń kọ lu irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ni pé yóò tàn, àwòrán yóò hàn, fíìmù yóò máa lọ, ṣùgbọ́n ẹ kò ní gbọ́ ohùn kankan. Kọ̀ǹpútà ti yadi nìyẹn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe ni pé wọ́n á sáré gbé e tọ atúnkọ̀ǹpútàṣe lọ, òun náà á sì ní bóòdù ló ti kú. Àwọn mìíràn á gbé e wọ mọ́tò, ó di Ìbàdàn. Owó mọ́tò ni wọ́n kọ́kọ́ ná yẹn, wọn kò tíì san owó iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí onílé lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni.

Fún ẹni tó ń ríran, ìnira díẹ̀ ni èyí. Ẹ wá wo ti afọ́jú tó ń fi kọ̀ǹpútà kàwé. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní NVDA, tí àwọn afọ́jú méjì ní Australia, Michael Curran àti James Teh, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2006. Ọ̀fẹ́ ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà sí olówó rẹ̀ létí. Àjọ JAMB pàápàá ti ní ètò ìdánwò fún àwọn afọ́jú láti ọdún 2017, nítorí náà ọmọ afọ́jú tó fẹ́ wọ yunifásítì kò gbọdọ̀ máa fi ìwé kíkà ṣeré. Bí ohùn bá kú lára kọ̀ǹpútà irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ìwé rẹ̀ ti pa dé nìyẹn.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn, ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó jẹ̀bi. Ẹ yọ wáyà sípíkà kúrò lára kọ̀ǹpútà, kí ẹ tì í bọ ihò íàpíìsì fóònù yín, kí ẹ sì fi orin sí i. Bí sípíkà kò bá fọhùn níbẹ̀, kọ̀ǹpútà kò mọ̀ sí i. Ẹ wò ó bóyá iná ń dé ara sípíkà, bóyá ẹnìkan ti yí bọ́tìnì rẹ̀ wálẹ̀ pátápátá, tàbí wáyà ti gé nínú. Ọmọdé àti eku, ọ̀tá wáyà ni wọ́n. Bí fóònù yín kò bá ní ihò, ẹ ti íàpíìsì bọ kọ̀ǹpútà dípò sípíkà. Bí ẹ bá gbọ́ ohùn, sípíkà ló ṣàìsàn.

Ihò tí ẹ ń ti wáyà bọ̀ náà ṣe pàtàkì. Lẹ́yìn kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ihò tó ní àwọ̀ ewé ni ti sípíkà, píǹkì ni ti máìkì, búlúù sì ni èyí tí ohùn ń gbà wọlé láti ara ẹ̀rọ mìíràn. Ìlànà kan tí Microsoft àti Intel gbé jáde, PC 99, ló sọ àwọn àwọ̀ yìí di àjùmọ̀lò. Ẹni tó gbálẹ̀ lẹ́yìn tábìlì, tó dá wáyà padà láì wo àwọ̀, lè ti sípíkà bọ ihò máìkì.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà lápá ọ̀tún, nítòsí aago. Àwòrán sípíkà kékeré kan wà níbẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ó lè jẹ́ pé ẹnìkan ló pa ohùn. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tún sábà máa ń ní bọ́tìnì ìpahùn lókè kíbọ́ọ̀dù, tí ọmọ tó ń ṣeré lè tẹ̀ láì mọ̀.

Èyí tó ń da ènìyàn láàmú jù lóde òní ni ti mọ́níitọ̀. Wáyà HDMI máa ń gbé àwòrán àti ohùn pa pọ̀. Bí ẹ bá fi í so kọ̀ǹpútà mọ́ mọ́níitọ̀ tàbí tẹlifíṣọ̀n, Windows lè darí ohùn sọ́hùn-ún láì bi yín. Bí mọ́níitọ̀ náà kò bá wá ní sípíkà nínú, ohùn ń lọ síbi tí kò ti sí ẹni tí yóò sọ ọ́ jáde. Ẹ tẹ àwòrán sípíkà yẹn, ẹ wá ibi tí wọ́n to orúkọ àwọn ẹ̀rọ ohùn sí, kí ẹ yan tiyín. Ẹ kò ní ná kọ́bọ̀.

Bí ẹ bá rí X pupa lára àwòrán náà ńkọ́? Ó sábà máa ń túmọ̀ sí pé kọ̀ǹpútà kò rí ẹ̀rọ ohùn rẹ̀ mọ́. Ẹ pa á, kí ẹ tún un tàn. Bí kò bá yí padà, dráífà ni kí ẹ fura sí. Dráífà ni ètò kékeré tó ń ṣe ògbufọ̀ láàárín Windows àti ẹ̀rọ ohùn, ó sì máa ń sọnù nígbà mìíràn bí wọ́n bá fi Windows tuntun sórí kọ̀ǹpútà. Ojú òpó iléeṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà náà gan-an ni kí ẹ ti gbà á, kí ẹ lo orúkọ àti nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀. Ẹ yàgò fún àwọn tó ń polówó pé àwọn yóò tún gbogbo dráífà ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Àrùn ni púpọ̀ wọn ń gbé wá. Bí kọ̀ǹpútà bá sì ti pẹ́ jù, bí èyí tí wọ́n ṣe nígbà Windows XP, dráífà rẹ̀ lè má sí fún Windows tuntun rárá.

Àwọn oníṣẹ́ kan wà tí ó jẹ́ pé fọ́máàtì ni oògùn gbogbo àrùn lọ́wọ́ wọn. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Fọ́tò ìdílé àti iṣẹ́ àṣekágbá akẹ́kọ̀ọ́ lè bá a lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́máàtì kọ̀ǹpútà yín nítorí ohùn láìjẹ́ pé ẹ ti kó ẹrù yín síbòmíràn.

Eruku ọyẹ́ ilẹ̀ ọ̀dàn wa náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ kọ̀ǹpútà. Ó máa ń wọ inú ihò íàpíìsì, kọ̀ǹpútà alágbèéká á máa rò pé íàpíìsì ṣì wà níbẹ̀, sípíkà inú rẹ̀ á sì dákẹ́. Ẹ ti íàpíìsì bọ ihò náà, kí ẹ yọ ọ́, lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ tàbí igi ìgbálẹ̀ tọ inú rẹ̀. Bí ààrá bá sì ń sán, ẹ yọ wáyà kọ̀ǹpútà kúrò lára iná.

Bí ẹ̀rọ ohùn bá kú lóòótọ́, kò pọn dandan kí ẹ pààrọ̀ bóòdù. Íàpíìsì tàbí ẹ̀rọ ohùn kékeré tí wọ́n ń ti bọ ihò USB wà, ó ní ẹ̀rọ ohùn tirẹ̀ nínú, kò sì béèrè ti inú kọ̀ǹpútà. Ó yẹ kí afọ́jú tó ń lo kọ̀ǹpútà ní irú rẹ̀ kan nípamọ́, nítorí òun kò lè wo àwòrán sípíkà. Bí ohùn bá lọ, kí ó ti USB bọ̀ ọ́, kí ó sì tẹ bọ́tìnì Windows, Ctrl àti Enter pa pọ̀: òǹkàwé Narrator tó wà nínú Windows yóò bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ mú íàpíìsì lọ́wọ́ dé ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ gbọ́ ohùn kí ẹ tó sanwó. Ní ọdún 2005, àjọ Basel Action Network ti Amẹ́ríkà fi ìwádìí kan síta pé nǹkan bí 500 kọ̀ǹténà tó kún fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ló ń wọ Èkó lóṣooṣù, àti pé ó tó ìdá 75 nínú 100 tí kò ṣe é tà, tí kò sì ṣe é tún ṣe.

Bí ẹ bá ti dán gbogbo èyí wò tí ohùn kò jáde, ẹ wá lè gbé e lọ. Ẹ sọ fún oníṣẹ́ ohun tí ẹ ti ṣe, kí ẹ sì jókòó tì í bó ṣe ń ṣí i.